Hítà tòkunbọ̀ tí mo sọ di ooru òròmọdìẹ ní Ìpájà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìpájà. Nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ó ra hítà tòkunbọ̀ kan ní Alábà, irú èyí tó ní fáànù nínú. Wọ́n kọ 230V (fọ́ọ̀tì) àti 2000W (wọ́ọ̀tì) sí ìdí rẹ̀. Ó gbé e délé, ó tàn án, fáànù ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́ jáde. Ó gbé e wá bá mi ní Agége pé kí n bá òun wò ó, àti pé bó bá ti ṣe é tún ṣe, kí n kúkú bá òun kan àpótí ooru tí yóò gba ọgọ́rùn-ún òròmọdìẹ ọjọ́ kan.

Èédú ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi èédú yẹn sílẹ̀, torí gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó lè pa adìẹ, ó lè pa èèyàn tó ń sùn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gba iṣẹ́ náà.

Àwa tí a wà l'Ékòó kì í sábà nílò hítà ní pálọ̀. Òròmọdìẹ ló nílò rẹ̀. Kò tíì ní ìyẹ́ tó lè dá ooru ara rẹ̀ dúró, nǹkan bí 32 sí 35°C ló sì ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọyẹ́ bá mú ní ìdájí, òde lè já sí 22°C tàbí kó tún rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín nọ́ńbà méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa wà.

Ohun tí mo bá nínú hítà

Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, eruku àti ìfọ́ òwú ti dí ojú ibi tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́. Níwájú fáànù ni kọ́ìlì méjì wà, wọ́n ká wọn sára férémù máíkà (òkúta pẹlẹbẹ tí ooru kì í jó), ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún 1000 wọ́ọ̀tì. Bí èèyàn bá yí súwíìsì sí ipò kìíní, kọ́ìlì kan ló ń ṣiṣẹ́. Ní ipò kejì, méjèèjì ni.

Ohun ààbò méjì ló wà lára férémù náà. Ọ̀kan jẹ́ awẹ́ irin tín-ín-rín méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Irin méjèèjì kì í wú bákan náà bí wọ́n bá gbóná, torí náà awẹ́ náà á tẹ̀, á sì já iná. Tó bá tutù, á padà sípò. Èkejì ni fíúsì ooru, ohun kékeré onígbọọrọ kan tó wà nínú ọ̀rá funfun tí kì í jóná. Èyí kì í padà. Tí ooru bá ti kọjá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó ti já nìyẹn títí láé.

Mo fi mítà wọ̀n wọ́n. Kọ́ìlì kìíní fún mi ní 51 òòmù (òòmù ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná tó), èkejì náà 51. Awẹ́ irin náà pé. Fíúsì ooru ló já. Ìtàn rẹ̀ ṣe kedere: eruku dí fáànù, afẹ́fẹ́ kò tó láti gbé ooru kúrò lára kọ́ìlì, ooru gun orí férémù, fíúsì sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bá fíúsì yìí ní jíjá, wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á so wáyà pọ̀ mọ́ra, hítà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, wọ́n á gba owó wọn. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, ẹ má ṣe é, ẹ má sì gbà kí wọ́n bá yín ṣe é. Hítà tí kò ní fíúsì mọ́, tí fáànù rẹ̀ bá dákẹ́ lóru, kò sí ohun kankan tó lè dá a dúró mọ́ àfi awẹ́ irin kékeré yẹn. Inú àpótí tí èérún pákó kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni a fẹ́ gbé e sí.

Mo ra òmíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu: 10A, 250V, 142°C. Wọn kì í fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà, torí ooru irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì nìkan ti tó láti já a. Ọ̀pá kékeré oníhò tí wọ́n ń fi pílíásì tẹ̀ pa ni mo lò. Mo ki ẹsẹ̀ fíúsì bọ̀ ọ́ láti apá kan, wáyà láti apá kejì, mo tẹ̀ ẹ́ le, mo fà á wò pé kò yọ, mo wá fa ọ̀rá funfun náà bò ó padà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn nu gbogbo eruku kúrò, mo sì kán òróró díẹ̀ sí ìdí fáànù. Mo tàn án. Ó gbóná.

Bí iná ṣe ń di ooru nínú kọ́ìlì

James Prescott Joule, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wọn ọ̀rọ̀ yìí ní 1841: iná tó bá ń kọjá nínú wáyà tó ń dènà rẹ̀ á di ooru, tí ámpíà, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń kọjá, bá sì di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Kọ́pà kò wúlò fún kọ́ìlì torí ìdènà rẹ̀ kéré jù. Irin lásán á pọ́n, ṣùgbọ́n ìpẹtà á jẹ ẹ́ láìpẹ́. Níkírómù ni wọ́n ń lò, àdàpọ̀ níkẹ́ẹ̀lì bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àti krómíọ̀mù bí 20, tí Albert Marsh ará Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1906. Bí níkírómù bá pọ́n, krómíọ̀mù ojú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ín-rín kan tó ń bo ìyókù, kò ní jẹ́ kí ìpẹtà wọlé. Ìdí nìyí tí kọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ òkèèrè fi lè délé wa kó ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìṣirò tí mo ń lò jù lọ lórí hítà nìyí: ẹ mú fọ́ọ̀tì, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi òòmù pín in, wọ́ọ̀tì ni yóò jáde. 230 lọ́nà 230, ká fi 51 pín in, ó lé díẹ̀ ní 1000. Ó bá ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ mu, torí òòmù kọ́ìlì máa ń gòkè díẹ̀ tó bá gbóná.

Ìṣirò yìí kan náà ló yẹ kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà mọ̀. Hítà tí wọ́n kọ 120V àti 1500W sí lára, òòmù kọ́ìlì rẹ̀ kò ju 9.6 lọ. Tí ẹnì kan bá yí ẹnu pílọ́ọ̀gì rẹ̀ padà, tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ti 230, ohun tó ń fà ni 5500 wọ́ọ̀tì. Bí fíúsì kò bá tètè já, kọ́ìlì á jó, tàbí ilé. Ẹ yí i dojú délẹ̀, ẹ ka ìdí rẹ̀, kí ẹ tó san owó.

Hítà tí kì í jẹ iná

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá kí òun kúkú ra èyí tó ní òróró nínú, torí ẹni tó ń tà á sọ fún un pé kì í jẹ iná. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì tọ̀nà. Hítà onífáànù tó ń fa 2000 wọ́ọ̀tì àti hítà olóróró tó ń fa 2000 wọ́ọ̀tì, ooru kan náà ni wọ́n ń fún yàrá ní wákàtí kan, yúnìtì kan náà ni wọ́n sì ń gbà lórí mítà. Gbogbo iná tó wọ inú hítà ló ń di ooru. Ìwọ̀nba tó ń yí fáànù gan-an, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń jáde lára hítà onígíláàsì, tó bá ti kan ògiri tàbí ara èèyàn, ooru náà ni. Kò sí ibi tí òmíràn fẹ́ gbà lọ.

Ìyàtọ̀ wọn wà lórí bí ooru ṣe ń rìn. Onífáànù ń mú afẹ́fẹ́ gbóná kíákíá. Onígíláàsì ń mú ohun tó bá dojú kọ gbóná, kò bìkítà fún afẹ́fẹ́ àárín. Olóróró ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó tutù. Òróró inú rẹ̀ kì í jó, kì í tán, ṣe ló kàn ń gbé ooru pamọ́. Àwọn tuntun kan ń lo séráámíkì dípò wáyà: bí séráámíkì yìí ṣe ń gbóná sí i ni òòmù rẹ̀ ń gòkè, tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń dín iná tó ń fà kù. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an fún ibi tí eruku pọ̀ sí. Ká ní òun ni ẹ̀gbọ́n mi rà, iṣẹ́ mi ì bá rọrùn.

Ohun kan ṣoṣo tó lè fún yàrá ní ooru tó ju iná tó fà lọ ni AC tó lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, tó ń fa ooru òde wọlé. Kìlówọ́ọ̀tì kan iná lè gbé nǹkan bí mẹ́ta ooru wọlé, torí pé kò ṣẹ̀dá ooru náà, gbígbé ló ń gbé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú AC tó wà l'Ékòó, títutù nìkan ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ẹ̀yìn mítà. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin tó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, lápá Ìkòròdú, tó lè ṣe 1320 megawatt, gáàsì ni wọ́n fi ń hó omi níbẹ̀ kó tó yí tọ́báìnì. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru gáàsì ló ń di iná; ìyókù ń bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu epo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò dájú pé ó ń sọ ju ìdá kan nínú márùn-ún ooru epo di iná. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ torí kó lè tan hítà, ooru tó ń gba ẹnu èéfín jáde ju èyí tó dé ọ̀dọ̀ adìẹ lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá.

Wọ́ọ̀tì mélòó ni àpótí náà ń fẹ́?

Ibí ni owó wà. Ọjọ́ tí mo lọ sí Ìpájà láti wọn ilẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́kàn ni kí hítà máa fẹ́ sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé náà láti alẹ́ títí di àárọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó yúnìtì Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ lójúmọ́) lọ sí ₦225 kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀, Band A sì ni àdúgbò wọn. Mo fi ₦210 ṣírò fún un: 2000 wọ́ọ̀tì fún wákàtí méjìlá jẹ́ yúnìtì 24, owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àbúrò, kí ló dé tí o ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí yẹn?”

Àpótí tí mo yà sórí ìwé gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó fẹ̀ ní mẹ́rin, ó ga ní méjì. Bí a bá ro ògiri, ilẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ pọ̀, ojú wọn lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 10 m². Ẹ fi sọ́kàn pé ìyàtọ̀ inú àti òde jẹ́ 10°C lóru. Tó bá jẹ́ plywood ààbọ̀ ínǹṣì lásán, 1 m² rẹ̀ ń jo nǹkan bí 4 wọ́ọ̀tì fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tí inú fi ju òde lọ, ìyẹn 400 wọ́ọ̀tì lápapọ̀. Tí a bá fi fóòmù funfun nípọn ínǹṣì kan sáàárín plywood méjì, irú fóòmù tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, 4 yẹn á di nǹkan bí 1, àpapọ̀ rẹ̀ á já sí 100. Afẹ́fẹ́ tuntun tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún àwọn òròmọdìẹ ń fẹ́ bí 60 sí i. Nítorí náà, 460 fún àpótí lásán, 160 fún èyí tó ní fóòmù. Ní wákàtí méjìlá, owó àkọ́kọ́ lé ní ₦1,100, ti ìkejì jẹ́ nǹkan bí ₦400. Hítà kan náà ni, ògiri ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá ní owó láti fi kún ti hítà, kó lọ fi ra fóòmù. Èmi ò ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Mo sọ 2000 di 500

Àpótí tó ń fẹ́ 160 wọ́ọ̀tì kò nílò 2000. Tí a bá gbé gbogbo agbára yẹn sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹnu hítà á jó òròmọdìẹ kí ooru tó dé igun kejì, kọ́ìlì pupa á sì máa sun eruku ìyẹ́.

Mo tú wáyà súwíìsì, mo so kọ́ìlì méjèèjì tẹ̀lé ara wọn dípò kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 51 àti 51 di 102 òòmù. 230 lọ́nà 230 ká fi 102 pín in, ó lé díẹ̀ ní 500 wọ́ọ̀tì. Inú mi dùn sí ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo tàn án nínú òkùnkùn: kọ́ìlì kò pọ́n rárá. Ooru wà, ìmọ́lẹ̀ pupa kò sí. Ooru kékeré lórí wáyà gígùn, fáànù sì ń gbé e lọ kó tó kórajọ. Kọ́ìlì tí kò pọ́n kì í tètè ran ìyẹ́ tàbí èérún pákó.

Fáànù ní wáyà tirẹ̀ tó ń gba 230 tààrà, mo sì jẹ́ kó máa yí ní gbogbo ìgbà. Kọ́ìlì nìkan ni mo gbé gba inú ẹ̀rọ ìwọn-ooru STC-1000, tó ń pa iná bí ooru bá ti tó, tó sì ń tàn án padà bó bá ti dín, irú èyí tí àwọn tó ń kan ínkúbétọ̀ máa ń lò. Ó lè gbé ámpíà mẹ́wàá, tiwa kò sì tó mẹ́ta. Bí a bá jẹ́ kó máa pa fáànù àti kọ́ìlì pọ̀, ooru tó ṣẹ́ kù lára kọ́ìlì á máa gun orí fíúsì ní gbogbo ìgbà tó bá kú, fíúsì tuntun náà kò sì ní pẹ́ láyé.

Kí n tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi pátákó dí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Mo dúró tì í. Awẹ́ irin náà dún “kẹ́”, iná kọ́ìlì kú. Mo ṣí i, ó tutù, ó tún dún, iná padà. Fíúsì ooru kò já.

Kíkan àpótí

Plywood wá láti ọjà pákó ní Mùṣín. Inú lọ́hùn-ún ni mo fi fóòmù sí, plywood bò ó lọ́tùn-ún lósì, torí bí ẹnu òròmọdìẹ bá tó fóòmù, ó máa ṣà á jẹ, fóòmù sì tètè ń gbiná. Mi ò fi fóòmù sí apá ibi tí hítà wà. Yàrá kékeré kan ni mo fi páànù ṣe síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àpótí, tí hítà dúró sí, tí wáyà mẹ́ṣì yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ. Mo so wáyà áàtì, ìyẹn èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, mọ́ páànù náà, mo sì rí i dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ lò ní áàtì tòótọ́.

Mo ronú pẹ́ lórí ibi tí hítà á ti máa fa afẹ́fẹ́. Bó bá ń fà á láti òde, gbogbo afẹ́fẹ́ tútù tí fáànù lè gbé ni kọ́ìlì gbọ́dọ̀ mú gbóná, a ó sì pàdánù èrè fóòmù. Inú àpótí ló ti ń fà á, tó tún ń fẹ́ ẹ padà síbẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn ìlọ́po méjì ló bo ẹnu ibi tó ti ń fà, kí ìyẹ́ àti eruku má bàa wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n ọ́n láràárọ̀. Afẹ́fẹ́ tuntun ń gba ihò kéékèèké tí mo lu sísàlẹ̀ ní apá kan wọlé, ó ń gba ti òkè ní apá kejì jáde.

Etí ẹ̀rọ ìwọn-ooru, ìyẹn wáyà tó ń mọ ooru, mo fi kọ́ sí ibi tó ṣe déédéé ẹ̀yìn òròmọdìẹ, ní àárín àpótí. Tí ẹ bá fi sókè, ooru òkè ni yóò máa sọ, ìsàlẹ̀ tí àwọn ọmọ wà á sì tutù.

Ohun tí mítà sọ

Mítà ilé ẹ̀gbọ́n mi ní iná pupa tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ 1000 imp/kWh sí i: ó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún fún yúnìtì kan. A pa gbogbo nǹkan inú ilé, a fi hítà nìkan sílẹ̀. Láti ìgbà tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan títí dìgbà tó tún ṣẹ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méje, tó túmọ̀ sí nǹkan bí 540 wọ́ọ̀tì, kọ́ìlì àti fáànù pọ̀. Ní alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò dé, fọ́ọ̀tì já sí 190. Ṣíṣẹ́jú náà wá fà sí bí àáyá mẹ́wàá. Kọ́ìlì kò fún wa ju nǹkan bí 350 wọ́ọ̀tì lọ mọ́, torí fọ́ọ̀tì tó bá dín díẹ̀ máa ń dín ooru ní ìlọ́po. Àpótí tó ní fóòmù kò mọ̀ ọ́n lára. Àpótí plywood lásán tó ń fẹ́ 460 ì bá ti máa tutù.

Mo yí STC-1000 sí 33, pẹ̀lú àlàfo ìwọ̀n kan: bí ooru bá dé 33, á pa kọ́ìlì, bó bá já sí 32, á tún tàn án. Ṣùgbọ́n àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa wò ju nọ́ńbà lọ. Bí wọ́n bá kóra jọ sábẹ́ ẹnu hítà, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún un, tí wọ́n na ìyẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru pọ̀. Bí wọ́n bá tàn káàkiri tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, ó ti tó.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni ìdáhùn. Omi tó gbóná dé 60°C, kó tó tutù padà sí 33, ooru tó ń tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yúnìtì kan. Àpótí tó ń fẹ́ 160 wọ́ọ̀tì lè fi bí wákàtí márùn-ún jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fún un ní púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bó ṣe ń tutù. Iṣẹ́ kan náà tí òróró ń ṣe nínú hítà olówó gọbọi yẹn ni. Orí gáàsì ìdáná ni kó ti hó omi náà, torí gáàsì tí a sun nílé kò kọ́kọ́ pàdánù ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ iná. Kó má fi omi tó ń hó gan-an sínú kẹ́ẹ̀gì, torí ooru rẹ̀ á mú kí ike rọ̀. Kó fi àpò ìrẹsì wé e kí ó má bàa jó àwọn ọmọ, kó sì gbé e sí àárín.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yóò máa fa ooru àpótí wálẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta, títí tí ìyẹ́ á fi bò wọ́n. Ó ku ìdérí kejì tí mo fẹ́ kàn sórí òrùlé àpótí náà, pẹ̀lú ìkọ́ kékeré tí kò ní jẹ́ kó já lu àwọn ọmọ nígbà tó bá ń fún wọn ní oúnjẹ. Plywood rẹ̀ ti wà nílẹ̀.